Ọkọ̀ Polarstern àti ọdún kan nínú yìnyín Òkun Arctic: àwọn ìbéèrè tí àwọn ará Èkó ń bi wá

Láti ìgbà tí a ti ń sọ ìtàn ọkọ̀ Polarstern fún àwọn ọmọ ilé ìwé àti òbí wọn ní Yaba, Ṣómólú àti Ebute Metta, ìbéèrè kò dáwọ́ dúró. Àwọn ọmọ ń béèrè béárì. Àwọn àgbà ń béèrè omi, pàápàá àwọn tó ń gbé létí ọ̀sà. Èyí tó ń wá lemọ́lemọ́ jù ni mo dáhùn síbí. Ẹni tó bá ń retí ìtàn adẹ́rùbani kò ní rí i gbà lọ́wọ́ mi.

Ìrìn àjò wo gan-an là ń sọ?

MOSAiC lorúkọ rẹ̀. Ilé ìwádìí Alfred Wegener ní ìlú Bremerhaven, lórílẹ̀-èdè Jámánì, ló gbé e kalẹ̀. Markus Rex, onímọ̀ nípa afẹ́fẹ́ òkè, ló darí rẹ̀. Polarstern ni ọkọ̀ wọn. Ó ṣí kúrò ní èbúté Tromsø, ní àríwá Nọ́wè, lálẹ́ ọjọ́ 20 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2019, ó sì padà gúnlẹ̀ sí Bremerhaven lọ́jọ́ 12 oṣù Kẹwàá ọdún 2020. Ilé iṣẹ́ tó lé ní 80 láti orílẹ̀-èdè 20 ló dá sí i: Jámánì, Amẹ́ríkà, Rọ́ṣíà, Ṣáínà, Nọ́wè, Swídìn àti àwọn mìíràn. Owó rẹ̀ lé ní 140 mílíọ̀nù yúrò. Èèyàn bí ọgọ́rùn-ún ló ń wà nínú ọkọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Wọ́n á lo oṣù bíi méjì sí mẹ́ta, àwọn mìíràn á wá gbaṣẹ́ lọ́wọ́ wọn.

Òkun tí wọ́n lọ ni Òkun Arctic, èyí tó bo orí ayé lápá àríwá. Kò sí ilẹ̀ kankan lábẹ́ yìnyín ibẹ̀ o. Omi ni, ní ibi púpọ̀ tí wọ́n sì gbà kọjá, omi náà jìn ju kìlómítà mẹ́rin lọ. Yìnyín tó lé téńté sórí rẹ̀ kò sábà nípọn ju mítà kan sí méjì. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbàgbé èyí. A óò padà sórí rẹ̀ nígbà tá a bá dé orí ọ̀rọ̀ omi Èkó.

Wọ́n ní ńṣe ni wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ jẹ́ kí yìnyín há ọkọ̀ mọ́. Kí ló fa irú ìyẹn?

Ọ̀rọ̀ ọ̀hún ti pẹ́. Lọ́dún 1881, yìnyín fún ọkọ̀ Amẹ́ríkà kan tó ń jẹ́ Jeannette mọ́ra lókè Siberia títí ó fi fọ́, ó sì rì. Lẹ́yìn ọdún mẹ́ta, wọ́n rí ẹrù inú rẹ̀ ní etíkun Greenland, ní òdìkejì òkun náà. Èèyàn kankan ò gbé e débẹ̀. Fridtjof Nansen, ọmọ Nọ́wè, wá rò ó pé bí yìnyín bá lè gbé àfọ́kù ọkọ̀ la òkun já, á jẹ́ pé ó lè gbé odidi ọkọ̀. Ó ní kí wọ́n kan ọkọ̀ kan tí ikùn rẹ̀ rí roboto, kó lè jẹ́ pé bí yìnyín bá fún un, òkè ni yóò máa yọ̀ lọ, kò ní fọ́. Fram ni wọ́n pe ọkọ̀ náà. Ó wọ inú yìnyín lọ́dún 1893, ó jáde láàyè lọ́dún 1896. Kò dé ìkangun àríwá ayé, àmọ́ ó jẹ́ kó dá gbogbo ayé lójú pé ìṣàn kan ń gba àárín òkun yẹn kọjá.

Ọ̀nà Nansen ni MOSAiC tọ̀, pẹ̀lú ọkọ̀ tó lágbára jù ú lọ dáadáa. Ohun tí wọ́n ń wá ni ìgbà òtútù. Àwọn ọkọ̀ ìwádìí máa ń lọ sí àárín Arctic nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, wọ́n á sì tètè fi ibẹ̀ sílẹ̀ kí òkùnkùn tó ṣú. Sátẹ́láìtì ń wo ojú yìnyín láti òkè, ṣùgbọ́n kò lè wo inú omi tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Nítorí náà, oṣù mélòó kan wà lọ́dún tó jẹ́ pé àbá ni àwọn tó ń fi kọ̀ǹpútà ṣírò ojú ọjọ́ ń dá nípa ibẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí yìnyín ṣe ń gbé ayé rẹ̀ láti ọjọ́ tó dì dé ọjọ́ tó yọ́ ní láti bá a gbé.

Irú ọkọ̀ wo ló lè fara da ìyẹn?

Polarstern gùn tó mítà 118. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn ọkọ̀ kọ̀ńténà tó ń wọ Apapa, ọkọ̀ kékeré ni. Agbára rẹ̀ wà lára rẹ̀: irin ara rẹ̀ jẹ́ onípele méjì, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ mẹ́rin, ó sì lè máa la yìnyín tó nípọn tó mítà 1.5 láìdúró. Ọdún 1982 ni wọ́n gbé e sórí omi, nítorí náà kì í ṣe ọmọdé ọkọ̀. Wọ́n kàn ń tọ́jú rẹ̀ ni. Ìtọ́jú yẹn gan-an ni mo fẹ́ kí àwọn ọmọ Èkó wò dáadáa, ju títóbi rẹ̀ lọ.

Báwo ni wọ́n ṣe rí awẹ́ yìnyín tó lè gbà wọ́n?

Awẹ́ yìnyín ni yìnyín pẹlẹbẹ ńlá tó ń léfòó, èyí tí wọ́n fẹ́ so ọkọ̀ mọ́. Díẹ̀ ló kù kí wọ́n má rí i. Ooru ọdún 2019 ti yọ́ yìnyín apá ibẹ̀ kọjá bó ṣe yẹ. Wọ́n fi àwòrán sátẹ́láìtì ṣa àwọn tó jọ pé ó dáa, wọ́n wá ń lọ bá wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń lu ihò wò. Ọkọ̀ Rọ́ṣíà kan tó ń jẹ́ Akademik Fedorov bá wọn wá a, pẹ̀lú hẹlikópítà. Tín-ín-rín ni púpọ̀ nínú rẹ̀. Èyí tí wọ́n fọwọ́ sí níkẹyìn fẹ̀ tó kìlómítà 2.5 sí 3.5, ara rẹ̀ ò fi bẹ́ẹ̀ le, àfi apá kan tó ki tó sì dúró dáadáa, èyí tí àwọn fúnra wọn ń pè ní odi agbára. Ọjọ́ 4 oṣù Kẹwàá ni wọ́n so ọkọ̀ mọ́ ọn, nítòsí ìlà 85 ní àríwá. Oòrùn ti fẹ́ wọ̀ tán fún ọdún yẹn nígbà náà, wọ́n sì ní láti yára gbé ohun èlò wọn sórí yìnyín kí ilẹ̀ tó ṣú pátápátá.

Ṣé ọkọ̀ wá dúró lójú kan ni?

Rárá o. Wọ́n ò fi ẹ́ńjìnnì wà á, síbẹ̀ ó ń rìn tọ̀sántòru, nítorí yìnyín tó so mọ́ ń rìn. Atẹ́gùn ló ń tì í jù, ìṣàn omi ń ràn án lọ́wọ́. Á lọ síwájú, á tún fì padà sẹ́yìn, á wọ́ lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Àpapọ̀ ibi tó rìn tó kìlómítà 3,400. Ní oṣù Kejì 2020, ó sún mọ́ ìkangun àríwá ayé débi pé kìlómítà 156 péré ló kù, èyí tí kò fi bẹ́ẹ̀ ju Èkó sí Ìbàdàn lọ.

Nígbà tó yá, yìnyín náà gbé wọn dé ọ̀nà omi Fram, láàárín Greenland àti àwọn erékùṣù Nọ́wè tó ń jẹ́ Svalbard, níbi tí yìnyín Arctic ń gbà tú sí Àtìláńtíìkì. Ibẹ̀ ló fọ́ sí wẹ́wẹ́ ní òpin oṣù Keje. Wọ́n ti mọ̀ pé yóò rí bẹ́ẹ̀, wọ́n ti palẹ̀ ẹrù wọn mọ́. Lẹ́yìn náà ni wọ́n wakọ̀ padà sókè. Ọjọ́ 19 oṣù Kẹjọ ni wọ́n dé ìkangun àríwá gan-an, yìnyín ojú ọ̀nà sì ti rọ̀, ó ti kún fún omi yíyọ́, tó fi jẹ́ pé ọkọ̀ ò jà kó tó kọjá. Ìyẹn gan-an ló dun àwọn tó mọ ibẹ̀ tẹ́lẹ̀. Wọ́n so mọ́ awẹ́ mìíràn fún oṣù kan, kí wọ́n lè rí bí omi ṣe tún ń bẹ̀rẹ̀ sí í dì.

Òtútù ibẹ̀ tó báwo?

Ó lọ sílẹ̀ dé dígírì 42 nísàlẹ̀ òdo. Bí atẹ́gùn bá fẹ́ sí i, ó ń ṣe ara bíi pé ó jẹ́ 65 nísàlẹ̀ òdo. Oòrùn ò yọ láti oṣù Kẹwàá títí di oṣù Kẹta. Iná orí fìlà ni wọ́n fi ń ṣiṣẹ́. Bátìrì ń tètè kú, irin ń lẹ̀ mọ́ awọ ara. Ẹni tó bá fẹ́ de nọ́ọ̀tì kékeré kan á bọ́ ìbọ̀wọ́, á yí i díẹ̀, á sáré wọ̀ ọ́ padà, á tún bọ́ ọ. Ẹ̀yin tó ń wọ súwẹ́tà tí ọyẹ́ bá fẹ́ dé Ìkòròdú, ó dìgbà ná.

Kí ni wọ́n ń ṣe lórí yìnyín gan-an?

Wọ́n tẹ̀dó síbẹ̀ bí abúlé, wọ́n sì fún àdúgbò kọ̀ọ̀kan lórúkọ. Met City ni ti àwọn tó ń wọn afẹ́fẹ́, òpó irin gíga ló wà níbẹ̀. Ocean City ni ti àwọn tó ń wọn omi. Ihò ni wọ́n gbẹ́ síbẹ̀ láti máa sọ ohun èlò kalẹ̀ sínú òkun. Balloon Town ni wọ́n ti ń tú bálúùnù ńlá tí wọ́n fi okùn dè. Ẹ̀rọ kan tún wà tí wọ́n ń darí lábẹ́ yìnyín, tó ń ya àwòrán ibi tí ojú èèyàn ò lè dé. Láti inú ọkọ̀, wọ́n ń tú bálúùnù ojú ọjọ́ sókè ní wákàtí mẹ́fà-mẹ́fà, lójoojúmọ́, èyí tó ń gòkè ju kìlómítà 30 lọ kó tó bẹ́. Yíká gbogbo rẹ̀, dé nǹkan bíi kìlómítà 40, wọ́n ri ohun èlò mọ́ yìnyín káàkiri kó máa sọ ibi tó wà fún sátẹ́láìtì.

Èyí tó wù mí jù nínú iṣẹ́ wọn ni ti ọ̀pá yìnyín. Páìpù kan ni, tó ní eyín lẹ́nu, inú rẹ̀ ṣófo, fífẹ̀ rẹ̀ bíi sẹ̀ǹtímítà 9. Èèyàn méjì á di ẹ̀rọ tó ń yí i mú, á máa jẹ yìnyín lọ sísàlẹ̀. Bí wọ́n bá fà á yọ, wọ́n á rọra ti yìnyín inú rẹ̀ jáde sórí pákó, gígùn gbọọrọ, funfun lókè, tó ń dán bíi dígí nísàlẹ̀. Kò sí àyè pé à ń wò ó. Ẹnì kan ti ń fi dírìlì kékeré lu ihò sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́, ó ń ki tẹmómítà bọ̀ ọ́, ó ń pe nọ́ńbà. Ẹnì kejì ń kọ ọ́ sílẹ̀. Wọ́n ń kánjú nítorí omi iyọ̀ tó wà nínú yìnyín náà ti ń jò jáde, òtútù ìta sì ti ń yí ìwọ̀n ooru inú rẹ̀ padà. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á fi ayùn rẹ́ ẹ sí wẹ́wẹ́, wọ́n á da ọ̀kọ̀ọ̀kan sínú ike, wọ́n á dé e pa. Orí rẹ̀ tutù bíi ti ìta; ìdí rẹ̀ tó kan òkun kò ju dígírì 1.8 nísàlẹ̀ òdo lọ, nítorí ibẹ̀ ni omi òkun ti ń dì. Lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, wọ́n á padà síbẹ̀, wọ́n á tún ṣe ohun kan náà. Ẹ ò rí i pé kò sí ìdán kankan níbẹ̀, àfi kéèyàn máa ṣe é láìsinmi.

Béárì ńkọ́?

Ó wà. Wọ́n rí béárì funfun tó lé ní 60 láàárín ọdún yẹn. Ẹgbẹ́ kankan kì í sọ̀ kalẹ̀ sórí yìnyín láìsí ẹni tó gbé ìbọn tó ń ṣọ́ wọn, ẹlòmíràn sì ń fi awò ṣọ́ àyíká láti inú ọkọ̀. Bí wọ́n bá rí béárì, iṣẹ́ dúró nìyẹn, gbogbo èèyàn á padà sínú ọkọ̀ títí yóò fi lọ. Kì í ṣe pé wọ́n ń wá a pa. Òun ló nilé. Àwòrán kan wà tí Esther Horvath yà, ìyá béárì àti ọmọ rẹ̀ dúró ti ohun èlò àwọn onímọ̀ náà lójú òkùnkùn, wọ́n ń wò ó. Ó gba ẹ̀bùn World Press Photo lọ́dún 2020.

Ṣé iyọ̀ wà nínú yìnyín òkun? Ṣé èèyàn lè mu ún?

Ó wà, àmọ́ ó kéré sí ti omi òkun. Nígbà tí omi bá ń dì, ó máa ń ti iyọ̀ jáde. Èyí tó há sínú ihò tóóró-tóóró inú yìnyín ló ń jẹ́ kí yìnyín tuntun dùn lẹ́nu bí iyọ̀. Bó bá pẹ́ tó ọdún kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, iyọ̀ náà á ti jò lọ, àwọn tó mọ̀ ọ́n sì ń yọ́ irú rẹ̀ mu. Omi oníyọ̀ tó jò sísàlẹ̀ yẹn wúwo, ó ń rì. Ìyẹn wà lára ohun tó ń mú kí omi òkun máa lọ sókè sódò káàkiri ayé.

Bí yìnyín Arctic bá yọ́ tán, ṣé Èkó á rì?

Ìbéèrè yìí ló ń mú kí àwọn àgbà dìde nínú gbọ̀ngàn. Ìdáhùn mi máa ń ya wọ́n lẹ́nu: yìnyín tí Polarstern so mọ́ kò lè rì wá. Ó ti wà nínú omi tẹ́lẹ̀. Ẹ dán an wò nílé: ẹ bu zóbò sínú ife, ẹ ju yìnyín méjì-mẹ́ta sí i, ẹ fi zóbò kún un dé etí, ẹ lọ jókòó. Bó bá yọ́ tán, kò ní kún ṣàn. Ohun tó léfòó ti gba àyè tirẹ̀ nínú omi. Iyọ̀ òkun mú ìyàtọ̀ díẹ̀ wá, ṣùgbọ́n kò tó nǹkan.

Yìnyín tó yẹ kó kó yín láyà sókè ni èyí tó jókòó sórí ilẹ̀ gbígbẹ. Èyí tó wà lórí Greenland, bí gbogbo rẹ̀ bá yọ́, yóò gbé ojú òkun sókè tó mítà 7. Ti Antarctica jù ú lọ jìnnà, nǹkan bíi mítà 58. Kò sí ẹni tó ń sọ pé ìyẹn yóò ṣẹlẹ̀ lójú ayé wa. Ọ̀rọ̀ ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún ni, àní jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àmọ́ díẹ̀díẹ̀ ti ń wọ inú òkun. Láti nǹkan bí ọdún 1900, òkun ayé ti ga tó 20 sẹ̀ǹtímítà, nísinsìnyí ó ń fi ohun tó lé ní mìlímítà mẹ́rin ga lọ́dọọdún. Apá kan jẹ́ ti yìnyín orí ilẹ̀, apá kan jẹ́ nítorí pé omi tó gbóná máa ń wú. Ohun kan tún wà tí ọ̀pọ̀ ò mọ̀: yìnyín Greenland pọ̀ débi pé ó ń fa omi òkun mọ́ra. Bó bá ń yọ́, ìfà yẹn ń dín kù, omi tó wà nítòsí rẹ̀ ń lọ sílẹ̀, ti ọ̀nà jíjìn ló ń ga. Àwa ni ọ̀nà jíjìn yẹn.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́ fún ara wa. Kì í ṣe yìnyín ló kọ́kọ́ jẹ etíkun Victoria Island. Láàárín ọdún 1908 sí 1912, ìjọba amúnisìn kọ́ odi òkúta wọ inú òkun lẹ́nu ọ̀nà èbúté Èkó kí ọkọ̀ ńlá lè máa wọlé láìfi ìdí gbá iyanrìn. Iyanrìn etíkun wa máa ń rìn láti ìwọ̀-oòrùn lọ sí ìlà-oòrùn. Odi yẹn dá a dúró. Iyanrìn ń kó jọ sí apá kan, ní Lighthouse Beach, nígbà tí Bar Beach lódìkejì ò rí iyanrìn gbà mọ́, òkun sì ń jẹ ẹ́ lọ. Ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n fi ń da iyanrìn síbẹ̀ tí òkun ń kó o, kí ó tó di pé wọ́n wá to òkúta Eko Atlantic. Ẹ fi kún un pé à ń fa omi lábẹ́ ilẹ̀ ní gbogbo àdúgbò tí omi ẹ̀rọ ò dé, pé à ń da iyanrìn sí irà tó yẹ kó gba omi òjò, pé gọ́tà wa kún fún náílọ́ọ̀nù. Ẹni tó bá di gbogbo rẹ̀ ru yìnyín ń gba àwọn ẹlẹ́bi tó wà nítòsí sílẹ̀.

Bí yìnyín yẹn ò bá lè rì wá, kí ló kàn wá nínú rẹ̀?

Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa dá oòrùn padà. Yìnyín tí òjò dídì tuntun bò ń dá ìmọ́lẹ̀ oòrùn tó lé ní ìdá mẹ́jọ nínú mẹ́wàá padà sókè. Omi òkun dúdú ń gba èyí tó lé ní ìdá mẹ́sàn-án sára. Nítorí náà, bí yìnyín bá dín kù, òkun á gba ooru sí i, ooru yẹn á tún yọ́ yìnyín sí i. Lẹ́yìn ọdún 1979, Arctic ti gbóná tó ìlọ́po mẹ́rin ìwọ̀n tí gbogbo ayé fi gbóná. Ní oṣù Kẹsàn-án 2012, yìnyín tó kù sí ojú òkun náà kò ju mílíọ̀nù 3.4 kìlómítà níbùú lóròó, èyí tó kéré jù látìgbà tí sátẹ́láìtì ti ń wò ó. Ọdún tí MOSAiC wà níbẹ̀, 2020, ló tẹ̀lé e nígbà náà. Ooru tí òkun yẹn gbà wà lára ooru ayé kan ṣoṣo tí gbogbo wa ń pín. Ooru yẹn ló ń yọ́ Greenland, Greenland ló sì kan Èkó.

Báwo ni wọ́n ṣe ń pààrọ̀ ara wọn láàárín yìnyín? Kọ̀rónà ò sì mú wọn?

Ní ìgbà òtútù, ọkọ̀ Rọ́ṣíà tó ń fọ́ yìnyín ló ń lọ bá wọn. Ní oṣù Kejì 2020, èyí tó ń jẹ́ Kapitan Dranitsyn la yìnyín títí ó fi dé ọ̀dọ̀ wọn, àmọ́ ó jó epo débi pé wọ́n ní láti rán ọkọ̀ mìíràn, Admiral Makarov, kó lọ gbé epo pàdé rẹ̀ lójú ọ̀nà.

Ìgbà yẹn ni ayé tì pa. Bàlúù tó yẹ kó gbé àwọn èèyàn lọ láti Svalbard ò lè fò mọ́. Àwọn tó wà lórí yìnyín wà níbẹ̀ oṣù bíi méjì kọjá àdéhùn, wọ́n ń gbọ́ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nílé, wọn ò sì lè lọ. Níkẹyìn, Polarstern fi awẹ́ yìnyín náà sílẹ̀ ní oṣù Karùn-ún, ó lọ pàdé ọkọ̀ Jámánì méjì, Sonne àti Maria S. Merian, lẹ́bàá Svalbard. Àwọn tuntun ti dá wà lábẹ́ àyẹ̀wò kí wọ́n tó wọkọ̀. Wọ́n pààrọ̀ èèyàn lórí omi, wọ́n kó oúnjẹ àti epo, wọ́n sì padà síbi awẹ́ wọn ní oṣù Kẹfà. Àwọn ohun èlò kan ń dá ṣiṣẹ́ fúnra wọn ní gbogbo ìgbà tí wọn ò sí níbẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé kọ̀rónà ló ba ìwádìí yẹn jẹ́, irọ́ ni.

Mo ń ta ẹja ní Oyingbo. Ẹja wo ló wà lábẹ́ yìnyín?

Màmá, ẹ kú ọjà o. Ẹja kéékèèké ló wà níbẹ̀, kò sì pọ̀. Ṣùgbọ́n wọ́n sọ kámẹ́rà kan kalẹ̀ sínú omi jíjìn, ohun tó rí ya àwọn onímọ̀ fúnra wọn lẹ́nu: ẹja cod ti Àtìláńtíìkì, ní àárín Òkun Arctic, níbi tí ẹnì kan ò ti rò pé ó lè dé. Ẹ mọ ẹja yẹn dáadáa. Òun náà ni wọ́n ń sá gbẹ sórí igi ní Lofoten, ní Nọ́wè, tó ń dé bá yín bí igi, tí ẹ máa ń gbá méjì mọ́ra kó dún kí oníbàárà lè mọ̀ pé ó gbẹ, tí ẹ sì ń fi ayùn rẹ́. Pánlá gbígbẹ, èyí tí àwọn ará Ìgbò ń pè ní okporoko. Kì í ṣe òkú Èkó tó ń bọ̀ nínú páálí o. Èyí tí wọ́n rí kò tó ohun tí ẹnikẹ́ni lè máa fi àwọ̀n kó, nítorí náà, owó ọjà yín ò ní tìtorí rẹ̀ wálẹ̀.

Kí ni wọ́n ń jẹ? Ṣé íńtánẹ́ẹ̀tì wà?

Oúnjẹ ọkọ̀ ni: ẹran, ànàmọ́, búrẹ́dì tí wọ́n ń yan nínú ọkọ̀. Ewébẹ̀ tútù máa ń tán. Ilé ọtí kékeré kan wà tí wọ́n ń pè ní Zillertal. Íńtánẹ́ẹ̀tì ibẹ̀ kò yá: sátẹ́láìtì tó ń gbé fídíò kiri máa ń wà lókè agbedeméjì ayé, lápá ibi tí àwa wà. Láti ìkangun àríwá, ayé ló bò wọ́n mọ́lẹ̀. Àwọn tó ń gba orí ibẹ̀ kọjá kò lè gbé ẹrù púpọ̀. Ọ̀rọ̀ kíkọ ń lọ, fídíò ò lọ.

Ọ̀nà ọkọ̀ tí wọ́n ní yóò ṣí ní Òkun Arctic bí yìnyín bá ń yọ́, ṣé yóò sọ ẹrù Ṣáínà di pọ́ọ́kú ní Apapa?

Kò kàn yín. Ọ̀nà yẹn dín ìrìn Ṣáínà sí Yúróòpù kù. Ẹrù tó ń bọ̀ wá sí Èkó láti Ṣáínà ń gba ìsàlẹ̀ Gúúsù Áfíríkà, ìyẹn ṣì ni yóò máa gbà.

Kí ni wọ́n wá mú bọ̀?

Nọ́ńbà tó pọ̀ gan-an, tí wọ́n ṣì ń yẹ̀ wò. Wọ́n rí i pé yìnyín náà rìn yára ju bí wọ́n ṣe rò lọ. Ní ìrúwé 2020, bálúùnù wọn fi hàn pé afẹ́fẹ́ ózóònù, èyí tó ń dáàbò bò wá lọ́wọ́ ìtànṣán oòrùn tó léwu, fẹ́rẹ̀ẹ́ tán pátá ní nǹkan bíi kìlómítà 20 lókè Arctic, èyí tí wọn ò rí irú rẹ̀ rí níbẹ̀. Èyí tó dùn mọ́ mi jù ni pé wọ́n ti ṣí iṣẹ́ náà sílẹ̀ fún gbogbo ayé láti ọdún 2023. Akẹ́kọ̀ọ́ tó wà ní Akoka lè fi kọ̀ǹpútà rẹ̀ gbà á lọ́fẹ̀ẹ́, kó sì fi ṣe iṣẹ́ àṣekágbá. Dátà rẹ̀ nìkan ni yóò rà.

Ọmọ mi fẹ́ ṣe irú iṣẹ́ yìí. Ibo ló máa gbà?

Kó di físíìsì, mathimátíìkì àti kẹ́mísírì mú. Unilag ní ẹ̀ka ìmọ̀ òkun ní Akoka, níbi tí ọ̀sà wà lẹ́yìn ilé gan-an. Ilé ìwádìí òkun ti ìjọba àpapọ̀, NIOMR, wà ní Victoria Island. Ní FUTA, Àkúrẹ́, ètò WASCAL tí Jámánì ń ràn lọ́wọ́ ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ní ẹ̀kọ́ ojú ọjọ́ títí dé oyè ọ̀mọ̀wé. Ẹgbẹ́ kan tó ń jẹ́ APECS wà fún àwọn ọ̀dọ́ onímọ̀ ìkangun ayé láti orílẹ̀-èdè gbogbo. Òun ló bá wọn ṣe ilé ẹ̀kọ́ tí akẹ́kọ̀ọ́ 20 fi wọ Akademik Fedorov nígbà tí MOSAiC ń bẹ̀rẹ̀. POGO, ẹgbẹ́ àwọn ilé ìwádìí òkun, pẹ̀lú ti bá àwọn Jámánì kó akẹ́kọ̀ọ́ láti orílẹ̀-èdè bíi tiwa wọ Polarstern fúnra rẹ̀, kí wọ́n kọ́ṣẹ́ lórí Àtìláńtíìkì láàárín Yúróòpù àti gúúsù.

Àwọn ètò yìí ń kéde ara wọn ní gbangba, wọ́n sì ń yan èèyàn nípa ohun tó kọ. Bí ẹnikẹ́ni bá ní kí ẹ san owó fọ́ọ̀mù fún òun kí òun tó bá ọmọ yín wá àyè nínú ọkọ̀ Arctic, ẹ má dá a lóhùn. Ẹ fi owó yẹn san ti ẹni tí yóò kọ́ ọmọ náà ní odò wíwẹ̀.